Àwo Oníwúrà Inú Voyager Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Èlò Ìkọ́ni

Ní ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager méjì lọ sí gbalasa òfuurufú. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwo orin tí a fi wúrà bò wà, tí ìgbìmọ̀ Carl Sagan ṣètò: orin, àwòrán àti ìkíni ní èdè 55. Olùkọ́ tó bá fi orin rẹ̀ nìkan kọ́ni ti fo ìdérí àwo náà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Ìlà òòró àti ìlà ìbú péré ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Átọ́ọ̀mù haidirójìn ni òṣùwọ̀n àkókò. Lọ́nà ìṣirò yìí, 55 jẹ́ 32 + 16 + 4 + 2 + 1. Ti Yorùbá, márùndínlọ́gọ́ta, jẹ́ 60 – 5. Ìfiwéra yìí tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Àléébù àwo náà kò fara sin. Ìlù àwọn Mahi ti orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n pè ní ti Senegal. Èdè Akkadian, tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́, wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìkíni tó kù náà, kí wọ́n sì jiyàn lórí rẹ̀: báwo ni Yorùbá ṣe ń kí ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tàbí bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀?