Iye Owó Kọ́ Ni Iye Ọpọ́n: Àríwísí Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ń Díyelé Ohun Èlò Ifá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. A fẹ́ yẹ ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ àti àwọn ilé gbàǹjo ìlú òkèèrè ń gbà díyelé ọpọ́n Ifá, agere, ìrọ́kẹ́ àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ wò. Àwọn ìwé àkójọ tí wọ́n fi ń polówó ọjà wọn ni ìwé tí à ń ṣe àríwísí rẹ̀. A rí ibi tí wọ́n ti gbìyànjú, a sì rí ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ ká sọ méjèèjì.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí a mọ̀ pé ó ṣì wà láyé, èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ jù lọ wà ní mùsíọ̀mù ìlú Ulm, ní ilẹ̀ Jámánì. Igun mẹ́rin ló ní lóde, inú rẹ̀ sì rí roboto. Ọwọ́ oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní Christoph Weickmann ló bọ́ sí, ó sì wọ inú ìwé àkójọ ẹrù ọkùnrin náà lọ́dún 1659. Ìwé ọ̀hún sọ pé ọ̀dọ̀ ọba Allada ló ti wá, ìlú tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ó pè é ní pákó ìrúbọ, ó sì ní àwòrán èṣù burúkú ló kún ara rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Lórí ìtumọ̀, ìwé náà ṣìnà pátápátá. Ẹni tó kọ ọ́ wo ojú ọpọ́n, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ọpọ́n tí à ń tẹ Ifá lé di pákó ìrúbọ, àwòrán tí awo mọ ìdí rẹ̀ sì di ohun ìríra. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ti àṣìṣe gbàgbé oore. Ìwé náà sọ ibi tí wọ́n ti gbé ọpọ́n yìí wá, ó sì sọ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ìwé gbàǹjo tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn kọ ọ́ pé "Yorùbá, Nàìjíríà", ó parí. Ṣé Yorùbá lápapọ̀ ló jókòó gbẹ́ ọpọ́n kan ṣoṣo ni?

Ohun mẹ́ta ni àwọn oníṣòwò fi ń wọn iye. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí: bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe wọ́n tó. A mọ ìdí rẹ̀. Ikán, òjò àti iná kì í jẹ́ kí igi pẹ́ nílẹ̀ wa, nítorí náà èyí tó bá pẹ́ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ilé awo, bí ọpọ́n bá là, a ó gbẹ́ òmíràn, a ó ṣe ohun tó yẹ sí i, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ọpọ́n tuntun náà kò kéré sí ti àná lójú ẹni tó ń lò ó. Ẹ sì tún gbọ́ èyí: òfin ọdún 1979 tó dá àjọ mùsíọ̀mù orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sílẹ̀ kò fi ọjọ́ orí nìkan mọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ka ohun tó níyì nínú ìtàn, iṣẹ́ ọnà tàbí ìmọ̀, tí wọ́n sì ti lò rí nínú ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀, mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ pé ó pẹ́ tàbí kò pẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin sún mọ́ awo ju oníṣòwò lọ.

Ìkejì ni àpá ara. Wọ́n ń wo dídán igi, àwọ̀ rẹ̀, àti ibi tó ti gbó. Èyí dáa, torí pé ìlò ló ń fún ohun èlò ní ìtàn. Àmọ́ ta ló mọ ibi tó yẹ kí ọpọ́n ti gbó? Babaláwo ni. Ẹni tó ń tẹ Ifá mọ̀ pé àárín ọpọ́n ni ìka ọwọ́ ń gbà ṣáá, pé ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dán. Ó mọ̀ pé ibi tí ẹnu ìrọ́kẹ́ ń bà nígbà tí a bá ń lu ọpọ́n máa ń ní àpá kéékèèké. Ó mọ̀ pé ìyẹ̀rosùn máa ń wọnú kòtò fínfín, a sì máa dúró síbẹ̀ bí a tilẹ̀ nu ọpọ́n náà. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n ń fi èéfín pa igi lára dà, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi epo àti ìdọ̀tí ra á. Ìdọ̀tí náà á wá wà lọ́gbọọgba níbi gbogbo, kódà níbi tí ọwọ́ awo kì í dé. Ẹni tó ń wo dídán láìmọ ìlò, ẹ̀tàn lè tètè mú un.

Ìkẹta ni orúkọ àwọn tó ti ni ín. Ẹ ṣí ìwé àkójọ kan wò. Ẹ ó rí i pé ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Paris, ó kọjá sí London, ó dé New York. Orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin, bí oríkì ìdílé ni wọ́n ń kà á. Ṣùgbọ́n orí ẹni tó gbé e kúrò nílé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Babaláwo tó fi í bọ́ ọmọ, tó fi í wo aláìsàn, tó fi í yanjú ìjà àgbolé, kò sí nínú oríkì náà. Bẹ́ẹ̀ ni agbẹ́gilére kò sí níbẹ̀. Wọ́n á ní a ò mọ̀ ọ́n. Irọ́ kọ́ ni nígbà mìíràn, àmọ́ àìbéèrè ló sábà ń fà á. Àwọn tó béèrè rí ìdáhùn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi mọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú lọ́dún 1938, Aréògún ará Òsì-Ìlọrin, tó kú lọ́dún 1954, àti Bámgbóyè ará Odò-Ọwá. Ní kété tí orúkọ ọlọ́nà bá ti hàn, owó iṣẹ́ rẹ̀ náà ń gòkè. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ tí wọn kò béèrè, òun gan-an ni owó?

Ìtàn kan wà tó yẹ ká fi kọ́gbọ́n. Ọlọ́wẹ̀ yìí ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1924, mùsíọ̀mù ńlá ti London sì fẹ́ ẹ. Ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà ní pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. Àwọn kan lè ní wọ́n rẹ́ ọba jẹ. Ohun tí àwa rí níbẹ̀ ni pé ohun oyè ni ọba fi díyelé ohun oyè, ó sì mọ̀ pé ọlọ́nà rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tó ni nǹkan jókòó dúnàádúrà, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ kan yọ́ gbé e ta lóru.

Àwọn kan á bi wá pé: bí òyìnbó kò bá rà á, ṣé ikán kò ní jẹ ẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Bí ọpọ́n ti Ulm bá wà nílé, bóyá à bá má rí i mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ kì í ṣe àwáwí fún olè. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé ká má ta iṣẹ́ ọnà. Ọpọ́n tí agbẹ́gilére gbẹ́ fún títà, ọjà ni, kí Elédùmarè bá a tà á. Àwọn awo ní Brazil, ní Kúbà àti ní Amẹ́ríkà ń wá ọpọ́n tí wọn yóò lò, oúnjẹ ọlọ́nà sì wà níbẹ̀. Èyí tí a ti ṣe ètùtù sí, tí ìdílé ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Ibi tó ń dùn wá nìyí. Baba kú, àwọn ọmọ kò tẹ̀lé ọ̀nà baba, oníṣòwò kan dé pẹ̀lú owó díẹ̀, àpò Ifá sì lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ-ọmọ á ní òun fẹ́ gba Ifá bàbá ńlá òun, ilé á sì ti ṣófo. Kò sí iye tí wọ́n lè kọ sí ìwé gbàǹjo tó lè dí àlàfo yẹn.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ ká mọ òfin. Òfin 1979 náà kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bí kò bá ní àṣẹ àjọ náà, kò sì gbà kí a gbé e kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ti ìrọ́kẹ́ tí a fi eyín erin ṣe tún le sí i, torí pé àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fẹnu kò lọ́dún 1989 láti fòfin de òwò eyín erin láàárín ara wọn. Àdéhùn UNESCO ti ọdún 1970, tí Nàìjíríà wọ̀ lọ́dún 1972, sì sọ pé ohun tí wọ́n bá jí kó ní mùsíọ̀mù tàbí ní ojúbọ gbogbogbòò ṣeé gbà padà, bí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti jí i. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn o: bí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ fi hàn pé tiwa ni?

Nítorí náà, kí ilé awo kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ohun èlò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Kí a wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kí a kọ ibi tó ti sán tàbí tó ti bó. Kí a kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ olórí ìdílé, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ awo ìlú. Bí ọ̀ràn títà bá sì délẹ̀, kí a pe ìdílé jọ, kí a bi Ifá, kí a tó gbọ́ iye tí oníṣòwò dá.

Fún ẹ̀yin olùwádìí, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Bí ẹ bá tún ń kọ̀wé lórí ọpọ́n kan, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti Paris. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé tó ti jáde. Ẹ bi awo ibẹ̀. Wọ́n ṣì wà, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.