Ẹni tí Ó Ṣáájú, Ohun tí Ó Ṣáájú

Bí a bá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ èdè ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì láti túmọ̀ sí Yorùbá, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí púpọ̀ nínú wọn máa ń da ẹ̀wù kan náà bò. Bí wọ́n bá rí "previous", wọn a kọ "ìṣáájú". Bí "prior" bá dé, "ìṣáájú" náà ni. "Former", ìṣáájú, "antecedent", ìṣáájú, "precedent" tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ pàápàá, ìṣáájú ni wọn yóò tún fi dí i. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bá ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò rò pé ohun kan ṣoṣo ni Òyìnbó ń sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí o bá sì bi wọ́n, wọn yóò ní ẹ̀bi èdè wa ni, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ ni, kì í ṣe àìní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ Òyìnbó wò. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ọ̀nà ni ó wà nínú "previous": ohun tí ó gba ọ̀nà lọ níwájú. Eré sísá ni ó wà nínú "precursor", bí ẹni tí ń sáré kéde pé kábíyèsí ń bọ̀. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó jù ú lọ. Kíkúrò ni ó wà nínú "predecessor": ẹni tí ó ti fi ipò sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀. Ní ti "former", ohun tí ó ti rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan ni, tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Ajégúnlẹ̀ níbi tí mo ń gbé, ẹni tí ó ti háyà yàrá ní ilé márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní "former" púpọ̀ nínú onílé, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni "previous". Yóò ní "onílé mi tẹ́lẹ̀ rí" fún gbogbo wọn. Fún ẹyọ kan yẹn, yóò ní "onílé tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wá síbí". Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ "ṣáájú" fúnra rẹ̀ ń kọ́? Iwájú ni ó wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún tí tírélà ń tò láti Àpápá jáde dé ìta, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó wà níwájú, ẹni tí ó pẹ́ dé a sì máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. "Ṣáájú" ń fẹ́ ohun méjì tí ó tò báyìí. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kan bá ń ro gbogbo ìyà tí ó ti jẹ lójú ọ̀nà, kò ní pè é ní ìyà ìṣáájú. Ìyà àtẹ̀yìnwá ni yóò pè é, nítorí pé láti ibi tí òun dúró sí ni ó ti ń wò ó, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó ti kọjá lè wà níwájú, ó sì lè wà lẹ́yìn, bí ojú tí a fi wò ó bá ti rí. Ẹni tí ó ń pe gbogbo ìgbà àtijọ́ ní "ìgbà ìṣáájú" kò sọ fún wa ohun tí ó ṣáájú.

Ní ọdún 2021 ni wọ́n gbé ìlànà kan kalẹ̀ láti máa fi ẹ̀rọ pe àwọn tírélà wọ èbúté lọ́kọ̀ọ̀kan. "Eto" ni wọ́n pè é, láìsí àmì lórí rẹ̀. Mo sì ń bi ara mi léèrè bóyá ètò ni tàbí ẹ̀tọ́. Láti ìgbà náà, kì í ṣe dandan kí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni "prior" àti ọmọ rẹ̀ "priority" ti pínyà: ọ̀kan ń sọ ti àsìkò, èkejì ń sọ ti ohun tí a fi ṣe pàtàkì.

Nínú ilé Yorùbá, àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ pínyà. Obìnrin tí ó kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyáálé, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó tí ó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gán-án. Bí ó bá jẹ́ ti ènìyàn, dídé ṣáájú wa ti gbé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá di ti ohun tí kì í ṣe ènìyàn, ó di àsìkò lásán. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gba ìṣọ́ra nìyí, mo sì fẹ́ fi ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nígbà tí ó di 1913, ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, dìde, ó ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà bí ó ti tọ́. Àwọn adájọ́ ní Èkó ní àṣẹ àbójútó nìkan ni ó ní lórí ilẹ̀, nítorí náà owó àbójútó ni yóò gbà. Olóyè náà kò gbà. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Júláì, 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí a ń pè ní Privy Council gbè é. Viscount Haldane ni ó ka ìdájọ́ náà. Wọ́n ní pípààrọ̀ ìjọba kò fi ara rẹ̀ pa ẹ̀tọ́ tí àwọn ará ìlú ní lórí ilẹ̀ wọn rẹ́, àti pé bí ilẹ̀ tí àwùjọ ni ní kíkún ni kí a ṣe ṣírò owó rẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Dòsùnmú jẹ́ "predecessor" fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: ó ti kúrò lórí àṣẹ. Ẹ̀tọ́ àwọn ará Àpápá jẹ́ "prior": ó ti wà kí ìjọba náà tó dé, kò sì kúrò. Gbogbo ẹjọ́ náà dúró lórí ìyàtọ̀ yìí. Bí atúmọ̀ bá wá kọ "àṣẹ ìṣáájú" síbí, tí ó tún kọ "ẹ̀tọ́ ìṣáájú" sọ́hùn-ún, òǹkàwé yóò rò pé ẹ̀tọ́ bá ọba lọ. Ohun tí ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù láti gbà padà, atúmọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ kan sọ ọ́ nù. Èmi yóò kọ "ọba tí ó fi àṣẹ sílẹ̀" fún ti àkọ́kọ́, àti "ẹ̀tọ́ tí ìjọba bá níbẹ̀" fún èkejì. "Bá níbẹ̀" ni kókó: ohun tí a bá níbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìdájọ́ náà kò sì jókòó sí Èkó. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kánádà gbọ́ ẹjọ́ Calder, tí ó dá ní 1973, àti nígbà tí ti Ọsirélíà dá ẹjọ́ Mabo ní 1992, lórí ilẹ̀ àwọn tí Òyìnbó bá níbẹ̀, àwọn adájọ́ tún ṣí ọ̀ràn Àpápá wò. Èyí ni "precedent": ó ti kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì di ọwọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn mú. Bí a bá pè é ní "ìdájọ́ ìṣáájú", ó di ìdájọ́ èyíkéyìí tí a ti dá rí, títí kan èyí tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. "Ìdájọ́ àwòṣe" ni mo dábàá. Ẹnìkan lè ní adájọ́ lè wò ó kí ó má ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ wò ó ná, yóò sì sọ ìdí tí kò fi ṣe é.

Ó ku "antecedent" ti àwọn onígírámà. Òun ni ọ̀rọ̀-orúkọ tí "tí" ń tọ̀ lẹ́yìn: nínú "ilẹ̀ tí wọ́n bá", "ilẹ̀" ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú, n kò ní bá a jà, nítorí pé níbẹ̀ ohun méjì tò lóòótọ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.