Tòlótòló Orí Ọ̀pá Irin ní Ajah

Bí ó bá ti di oṣù Kejìlá, àgò tòlótòló á kún ẹ̀bá títì láti Lẹ́kí dé Ajah. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bíbọ̀ àti dídín ni yóò gbẹ̀yìn wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń yan tiwọn lódindi, lórí ààrò gáàsì, kí ẹ́ńjìnnì kékeré máa yí i. Iṣẹ́ wọn yẹ kí èèyàn dúró wò.

Ìdè ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí á fi òwú tó nípọn di apá méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, á so ẹsẹ̀ pọ̀ títí tí nǹkan kan ò ní mì mọ́. Á ki ọ̀pá gba àárín gbùngbùn ẹran, á fi fọ́ọ̀kì irin gún un níwájú àti lẹ́yìn, á sì fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n pinpin. Kò tíì tanná o. Á gbé ọ̀pá lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á jẹ́ kó yí fúnra rẹ̀. Bí àyà bá ṣáà ń padà sísàlẹ̀, ibẹ̀ ló wúwo sí. Á tú u palẹ̀, á tún un ki, kò ní bínú. Ẹran tí kò dọ́gba á máa já wá sísàlẹ̀ gìrì ní gbogbo ìgbà tó bá dé òkè, ẹ́ńjìnnì á máa jìyà, apá kan á jó, ìkejì á tutù.

Nígbà tó bá wá tanná, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń tàn án sí. Páànù omi ló wà lábẹ́ ẹran gan-an, kí ọ̀rá má baà kán sórí iná. Bí ẹran ṣe ń yí, ọ̀rá náà ń rìn yí awọ ká, ó ń mú awọ rin, àyà tí ì bá tètè gbẹ kò gbẹ.

Òkun wà lápá kan Lẹ́kí, ọ̀sà wà lápá kejì, nítorí náà afẹ́fẹ́ ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀gá á kọ ẹ̀yìn ààrò sí i. Iná mànàmáná náà ńkọ́? Bí iná bá lọ, ọ̀pá á dúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti ba awọ jẹ́. Etí ni ọ̀gá ń fi ṣọ́ ọ: bí ìró ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ọ̀pá, ó ń fi ọwọ́ yí i títí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn. Ibí yìí gan-an ni mo ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́.

Tòlótòló kílò 6 lè gbà tó wákàtí 3. Ojú awọ kọ́ ló fi ń mọ̀ pé ó jinná. Á ki tẹmómítà sí ibi tó jìn jù nínú itan, láìkan eegun, títí yóò fi ka 74 lórí Celsius. Lẹ́yìn náà, á jẹ́ kí ẹran sinmi fún bí ààbọ̀ wákàtí kó tó fọ̀bẹ kàn án, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ti ń na ọwọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ irú rẹ̀ fún Kérésìmesì, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá, ó kéré tán ní ọjọ́ 2 ṣáájú, nítorí ẹran gbọ́dọ̀ sùn nínú omi iyọ̀ mọ́jú. Ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.