Òkè Gígùn ní Glencoe

Létí àbàtà Rannoch, ní ilẹ̀ olókè Scotland, òtẹ́ẹ̀lì Kingshouse dá dúró, ó kọjú sí òkè Buachaille Etive Mòr tó ga tó mítà 1,021. Àgbọ̀nrín a máa jẹko dé ìtòsí ilé.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbádùn ibẹ̀. Ọ̀nà West Highland Way, tí wọ́n ṣí ní 1980, gba ẹ̀bá òtẹ́ẹ̀lì náà kọjá; kìlómítà 154 ni, láti Milngavie dé Fort William.

Àwọn mìíràn ń gun òkè tẹ̀ lé òkè. Ní 1891, Hugh Munro tẹ orúkọ àwọn òkè Scotland tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lọ jáde. Lónìí, 282 ni wọ́n; àwọn kan ń fi ọ̀pọ̀ ọdún gùn wọ́n tán.

Ọ̀jáfáfá kì í fojú di òkè. Bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, aṣọ òjò, máàpù àti kọ́ńpáàsì ò gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, torí kùrukùru lè bo orí òkè lójijì.

Òfin ọdún 2003 sì fún tolówó tòtòṣì láyè láti rìn lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Scotland lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọn ò bá ti ba nǹkan jẹ́. Òfin tó dára gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Glasgow, ẹ wọ bọ́ọ̀sì Fort William, kí ẹ lọ fẹsẹ̀ ara yín tẹ ilẹ̀ Glencoe.