Ohun Tí Switch Ń Kọ Sílẹ̀

Ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kígbe pé ta ni yóò fún òun ní àdírẹ́sì, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dáhùn ló sábà máa ń gbà gbọ́. RFC 2131 tó ṣàlàyé DHCP jáde lọ́dún 1997, kò sì fi dandan lé e pé kí ẹ̀rọ bi olùdáhùn pé ta ló rán an. DHCP snooping ló ń dí àlàfo yìí lára switch. Àwa la máa sọ pọ́ọ̀tù tó lọ sọ́dọ̀ sáfà gidi di èyí tí a fọkàn tán. Bí ìdáhùn sáfà bá wá gba pọ́ọ̀tù mìíràn wọlé, switch á dà á nù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló gbà pé ó ti parí síbẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí snooping ṣe ń ṣọ́nà ló ń kọ̀wé, ìwé náà ni mo sì kà sí ju ìṣọ́nà lọ.

Ẹ tẹ show ip dhcp snooping binding lórí Cisco Catalyst, ẹ ó rí MAC ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì tí wọ́n fún un, iye ìṣẹ́jú-àáyá tó kù fún un láti lò ó, VLAN rẹ̀, àti pọ́ọ̀tù tó gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ẹ̀rọ àti sáfà ni switch tẹ́tí sí tó fi mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé gbára lé ju àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì lọ. Bí MAC 20 bá tò sórí pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo, bóyá ẹnì kan ti fi switch kékeré pamọ́ sábẹ́ tábìlì, tàbí ẹnì kan fẹ́ gba gbogbo àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ sáfà tán.

Àwọn kan á ní: bí switch bá ti ń da ayédèrú nù, kí la tún ń wò? Òótọ́ ni pé ráútà ilé tí ẹnì kan kì bọ pọ́ọ̀tù láìmọ̀ ló sábà máa ń fà á. Àmọ́ iye tí switch dà nù kò lè sọ èrò ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́. Lọ́dún 2024, TunnelVision, CVE-2024-3661, fi hàn pé ayédèrú sáfà lè lo option 121 láti yí ọ̀nà ọ̀rọ̀ padà kúrò nínú VPN, tí VPN yóò sì máa sọ pé òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àfi ká rìn dé ìdí pọ́ọ̀tù tí ayédèrú náà gbà wọlé. Bí iye tí switch dà nù bá jẹ́ òdo pàápàá, kì í ṣe àlàáfíà: ẹni tó tan snooping tí kò dárúkọ VLAN kankan fún un kò tíì tan nǹkan kan.

Àtakò tó wúwo jù ni ti iná. Orí mẹ́mórì ni ìwé yìí wà. Bí switch bá kú tó tún jí, ó ti di òfìfo. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ṣì ní àdírẹ́sì lọ́wọ́ lè má tètè béèrè òmíràn, Dynamic ARP Inspection tó gbára lé ìwé yẹn á sì máa lé wọn sẹ́yìn bí ọ̀daràn. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, èyí tó nǹkan láti torí ẹ̀ pa snooping. Ṣùgbọ́n switch lè kọ ìwé náà sí flash tàbí sáfà TFTP, ó sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 300 kó tó kọ àyípadà bí a kò bá pàṣẹ òmíràn. Bí NTP bá wà lórí rẹ̀ tí aago kò tíì bá a mu, kò ní kọ ọ́ rárá. Nítorí náà, show ip dhcp snooping database ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá iye ìgbà tí ìkọ̀wé kùnà.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a fọwọ́ fún ní àdírẹ́sì kò ní hàn níbẹ̀. Ọwọ́ náà la ó fi kọ ọ́ sí i. Bí àfọwọ́kọ bá wá pọ̀ ju èyí tí switch fetí ara rẹ̀ gbọ́ lọ, ètò àdírẹ́sì wa ló yẹ ká tún ṣe, kì í ṣe snooping.