Ìjókòó Kẹjọ: Ohun tí Fíìmù The Boys in the Boat Fi Pamọ́

Fíìmù The Boys in the Boat, èyí tí George Clooney darí tó sì jáde ní 2023, dùn ún wò. Mi ò ní torí pé mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ kí n wá máa pe funfun ní dúdú. Omi inú rẹ̀ mọ́ lójú, ìdíje inú rẹ̀ sì ń mú kí àyà ẹni máa já bí ẹni pé a kò mọ bí yóò ṣe parí, bẹ́ẹ̀ láti 1936 ni ayé ti mọ̀ pé àwọn ọmọ Yunifásítì Washington ló gba wúrà ní Berlin. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní í bá fíìmù náà rò. Ó mú Al Ulbrickson, olùkọ́ àwọn ọmọ náà, ó sì gé ìdajì ayé rẹ̀ dànù. Ìdajì tó gé dànù yẹn gan-an ni ìtàn náà rọ̀ mọ́.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ní Seattle, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, lákòókò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí iṣẹ́ sì wọ́n bí ojú, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joe Rantz, tí bàbá rẹ̀ ti kó lọ tó fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn atukọ̀ yunifásítì nítorí pé ẹni tó bá wọlé yóò rí iṣẹ́ ṣe láti fi san owó ẹ̀kọ́. Òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, ọmọ agégi, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, na àwọn yunifásítì olówó ìlà oòrùn, wọ́n sì kọjá sí Jámánì, lójú Hitler. Daniel James Brown ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé olórúkọ kan náà ní 2013, lẹ́yìn tó ti jókòó ti Rantz fúnra rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ń parí lọ.

Ẹ wá wo Ulbrickson inú fíìmù. Joel Edgerton ló ṣe é. Ó dé àkẹtẹ̀, ó dúró nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà lórí omi, ojú rẹ̀ le koko. Edgerton mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún ni nígbà tó ṣe é, a sì ń wò ó bí àgbà tó ti wà lórí omi yẹn láti ayébáyé. 1903 ni wọ́n bí Ulbrickson. Ẹni ọdún 33 ni ní Berlin. Ní 1927 tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn olùkọ́, ẹni ọdún 24 ni, kò sì tíì pé ọdún méjì tí òun fúnra rẹ̀ fi àjẹ̀ sílẹ̀. Ní 1924 àti 1926, ó wà nínú ọkọ̀ Washington tó borí gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ní Poughkeepsie, lórí odò Hudson. Ìwé Brown sọ pé nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ilé wọn kò lówó, ọkọ̀ kékeré ló sì ń tù lọ tó ń tù bọ̀ lójoojúmọ́ kó tó lè rí kíláàsì wọ̀, máìlì méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀. Atukọ̀ ni kó tó di olùkọ́ àwọn atukọ̀. Fíìmù náà kò fi èyí ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ka èyí sí àdánù. Nínú ọkọ̀ elénìyàn mẹ́jọ yìí, gbogbo àwọn tó ń tù kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹnì kan ṣoṣo, ẹni kẹsàn-án tó ń darí ọkọ̀ tí kì í tù, ló kọjú síwájú. Ẹni tó jókòó sí ìjókòó kẹjọ ló ń wo ojú ẹni yìí, àwọn méje yòókù sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bó ṣe fà ni wọ́n ṣe ń fà. Bó bá kánjú, gbogbo ọkọ̀ kánjú. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ yóò gbọ́ kí òun tó sọ ọ́. Kò nílò ẹnu. Ara rẹ̀ ni àṣẹ. Ìjókòó kẹjọ yìí ni ti Ulbrickson ní gbogbo ọdún tó fi gba ife-ẹ̀yẹ.

Wọ́n wá gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń sọ fún àwọn ènìyàn láìlanu, ẹnu ni yóò fi sọ ọ́ báyìí. Ọkùnrin náà kì í sì í ṣe ẹlẹ́nu. Àwọn akọ̀ròyìn ìgbà ayé rẹ̀ fún un ní orúkọ ìnagijẹ nítorí bó ṣe máa ń le ojú tí kì í sọ̀rọ̀. Yorùbá ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Ní ti Ulbrickson, ọwọ́ ló rọrùn, ẹnu ló nira. Àwa tí a máa ń pe olórí ìlú ní atukọ̀ gan-an yẹ ká tún ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí nínú eré yìí, olórí ni ẹni tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àjẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn eré bọ́ọ̀lù wa ń lò, akọ́nimọ̀ọ́gbá, sún mọ́ òótọ́ jù: ó sọ pé ó ń kọ́ni kí ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n gbá, kò sọ pé òun ló ń gbá a.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ odò Amẹ́ríkà nìkan. Nígbà kan, a ní olùkọ́ Ìṣirò kan tó jẹ́ pé ipò kìíní ló máa ń gbà nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bó bá ti yanjú ìbéèrè tán lójú pátákó ní ìlà mẹ́ta, yóò yíjú sí wa: “Kí ni kò yé yín níbẹ̀?” Kì í ṣe pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí ohun tó lè ṣòro níbẹ̀ ni, lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òbí wa, tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ẹni náà gbà ní WAEC ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Fíìmù tó ní irú ènìyàn bíi Ulbrickson lọ́wọ́ ì bá ti bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yàn láti dákẹ́.

Ilé àwọn atukọ̀ Washington fúnra rẹ̀ kún fún ẹ̀rí lórí rẹ̀. Hiram Conibear, tó fìdí ìkọ́ni náà múlẹ̀ níbẹ̀ láti 1907, kò tu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nínú ìwé Brown, a kà á pé ó lọ yá egungun ènìyàn tí wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì, ó so igi ìgbálẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kó lè mọ bí ẹ̀yìn àti apá ṣe ń ṣiṣẹ́. (Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín jù nínú ìwé náà, kò sì sí nínú fíìmù.) Ky Ebright, olùkọ́ California tí fíìmù náà fi hàn wá bí ọ̀tá lásán, ọmọ Washington ni tẹ́lẹ̀. Òun ló ń darí ọkọ̀ wọn, ó jókòó sínú ọkọ̀ láìdi àjẹ̀ mú, òun ló sì kọ́ àwọn tó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 1928 àti 1932. Ẹnì kan kò tukọ̀ rí, ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ tí kò tù, ẹnì kẹta ni ó ń tù tí gbogbo ọkọ̀ ń tẹ̀ lé. Gbogbo wọn ló di olùkọ́ ńlá. Ẹni tó bá sọ pé ife-ẹ̀yẹ ló ń sọni di olùkọ́, kó dá Conibear lóhùn. Ẹni tó bá sì sọ pé ife-ẹ̀yẹ kò wúlò fún olùkọ́ rárá, kó dúró de Berlin.

Kí a tó dé Berlin, ẹ̀ṣẹ̀ kejì ti fíìmù náà ni pé ó fún ọdún mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan. Nínú rẹ̀, Rantz wọ ẹgbẹ́ náà lónìí, ó dé Òlíḿpíìkì ní ọdún yẹn gan-an. Ìgbà ìkórè 1933 ló wọlé. Láàárín 1934 sí 1936, Ulbrickson ń pààrọ̀ wọn: ó gbé ẹni yìí wá síwájú, ó dá a padà sẹ́yìn, ó fọkàn tán ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà já a kulẹ̀, kò sì tó ìgbà ìrúwé 1936 kó tó rí àwọn mẹ́jọ tó bára mu. Ọdún wọ̀nyẹn ni olùkọ́ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Bí a bá yọ wọ́n, Ulbrickson á dà bí babaláwo tó fi ojú kan rí ohun gbogbo, ohun tó sì kù tó nílò ọgbọ́n ni fíìmù náà gbé fún George Pocock, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kan ọkọ̀ wọn. Pocock ló ń sọ̀rọ̀ ìtùnú, Pocock ló ń fọwọ́ pa igi lára, Ulbrickson ń bínú. Nígbà tí Rantz bá sọ fún olùkọ́ pé òun kò bìkítà, olùkọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ Pocock sì ni ọmọ náà ti rí ojú ara rẹ̀. Mi ò kọ̀ pé Pocock gbọ́n. Ìwé Brown náà fẹ́ràn rẹ̀, àní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló fi ń ṣí àwọn orí ìwé. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo àánú fún ẹnì kan, tí a kó gbogbo líle fún ẹnì kejì, kò sí ẹni tí yóò kù láti ru àwọn méjèèjì papọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹrù olùkọ́ gan-an nìyẹn.

Wàyí o, Berlin. Orí omi Langer See ní Grünau ni ìdíje náà ti wáyé. Don Hume ló wà ní ìjókòó kẹjọ. Àìsàn àyà dé sí i lára, ó ń rù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ó tukọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n borí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 6 àti ìdá kékeré kan gba ipò tó gbé wọn lọ sí àṣekágbá tààrà, ṣùgbọ́n Hume fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ibi tó wà mọ́ nígbà tí wọ́n dé òpin. Ulbrickson pinnu láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù wá bá a pé Hume ni àwọn ń fẹ́, pé kó ṣáà jókòó síbẹ̀, àwọn yóò gbé e dé òpin. Ó sì yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Fíìmù náà fi àìsàn yìí hàn. Ohun tí kò fi hàn ni ìjókòó ta ni. Ọdún mẹ́wàá gééré ló wà láàárín 1926 tí Ulbrickson jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn àti ìgbà tí Hume ń wú ikọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní Grünau tó mọ̀ nínú iṣan ara rẹ̀ ohun tí ìjókòó yẹn ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Mo gbà pé ìmọ̀ yìí ló jẹ́ kó fẹ́ yọ Hume: ó mọ̀ pé ibẹ̀ kò gba aláìlera. Ohun tí àwọn ọmọ náà sì mọ̀ ni ohun tí ẹni tó wà ní ìjókòó kẹjọ kì í rí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn: bí àwọn méje ṣe ń gbára lé e. Láti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kó sì gbà á gbọ́ ju ara tirẹ̀ lọ, ìyẹn ni ọjọ́ tí atukọ̀ náà di olùkọ́ lójú mi. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá gbà fíìmù náà láti mú un yé wa. Kí Edgerton wo ìjókòó náà lásán, kí a ti mọ̀ pé tirẹ̀ ni, ó ti tó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, wọ́n fi wọ́n sí ojú omi kẹfà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń lu ọkọ̀ jù, wọ́n sì pẹ́ gbéra. Hume di ojú, ó tún la á, ó fà. Amẹ́ríkà 6:25.4, Ítálì 6:26.0, Jámánì 6:26.4. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ló gba ọkọ̀ mẹ́ta. Fíìmù náà ṣe ibí yìí dáadáa, mi ò ní parọ́. Mo dìde dúró.

Lẹ́yìn náà, a rí Rantz bí àgbàlagbà tó ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí omi, fíìmù sì parí. Ulbrickson kò sí níbẹ̀. Ó ti padà sí Seattle, sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tuntun tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú. Ní 1948, mẹ́rin nínú àwọn tó kọ́ àti ẹni tó ń darí ọkọ̀ wọn gba wúrà ní Òlíḿpíìkì London. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1958.