Ìyára Ọ̀rọ̀ àti Ìdájọ́ Olùyẹ̀wò: Àpẹẹrẹ láti Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì

Àṣà kan wọ́pọ̀ láàrin àwa olùkọ́ àti olùyẹ̀wò: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yára sọ̀rọ̀, a ó ní ó ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, a ó sì yọ máàkì rẹ̀. Èrò tiwa ni pé àṣà yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìrẹsì. Bí ó bá rọra sọ̀rọ̀, yóò pe (i) 'ní ọjà' àti (ii) 'ará ilé'. Bí ó bá yára, (i) yóò di 'lọ́jà', (ii) yóò sì di 'aráalé'. Ìpajẹ ni ti (i), àrànmọ́ ni ti (ii). Olùkọ́ tí ó ń yọ máàkì pàápàá ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìyára a máa gé fáwẹ̀lì kúrú. Lindblom (1963), tí ó ṣiṣẹ́ lórí èdè Sweden, ṣàlàyé pé bí fáwẹ̀lì bá ti kúrú, ahọ́n kì í ráyè dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ṣùgbọ́n Gay (1978), lórí Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ènìyàn lè yára kí ó má sì ba fáwẹ̀lì jẹ́. Nítorí náà, ìyára nìkan kọ́ ni ẹ̀sùn.

Ohùn ni kí a máa fi wọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú 'rí ọ̀bẹ' àti 'rí ọbẹ̀', ìpajẹ mú /i/ lọ, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ṣi ọ̀bẹ gbọ́ sí ọbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ orí 'ọ̀bẹ', tí Bámgbóṣé (1966) ṣàlàyé irú rẹ̀, ṣì ń fa ohùn tí ó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdánù èyí ni ó ṣàṣìṣe.

Bákan náà, bí ọmọ Ìgbẹ̀mọ bá pe 'ulé' dípò 'ilé', ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni ó ń sọ. Bí ó tilẹ̀ rọra sọ̀rọ̀, 'ulé' náà ni yóò pè. A kò gbọdọ̀ ka ìyẹn sí ẹnu wúyẹ́wúyẹ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún gbólóhùn náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá sọ ọ́ pé, máàkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín.